Ṣé kí n fi orin àtijọ́ sílẹ̀? Ohun tí Tony Bennett ṣe, àti ohun tí kò ṣe

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo máa ń kọ jazz àtàwọn orin àtijọ́ ti òyìnbó ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ Fráídè àti Sátidé, mo tún ń kọrin níbi ìgbéyàwó. Máníjà mi ní ayé ti kúrò nídìí irú orin yìí, pé kí n gba bíìtì, kí n máa kọ ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń jó sí, àbí kí n wáṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo wá sọ fún un pé Tony Bennett, akọrin ará Amẹ́ríkà yẹn, ò yí padà láyé ẹ̀, ó sì kọrin títí ó fi pé 95. Ó ní oríire ni, pé MTV, tẹlifíṣọ̀n olórin yẹn, ló gbé bàbá yẹn dìde. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Báwo ni ohùn bàbá yẹn ò ṣe lọ? Mo sì gbọ́ pé ó ti ń gbàgbé nǹkan nígbà tó darúgbó, báwo ló ṣe wá ń rántí orin?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Kí n má parọ́ fún ẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ sì gbé ìtàn yẹn sódì. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọ̀rọ̀ Tony Bennett gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù ni pé kó o má lọ dàgbà sídìí orin tó o fẹ́ràn, kí ebi wá máa pa ẹ́ nídìí ẹ̀ nígbà tó o bá di ẹni 50 ọdún. Mo mọ ẹ̀rù yẹn. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tẹ dùùrù ní hòtẹ́ẹ̀lì àti òde àríyá, tí mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lo ohùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ wá lówó oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tá a lọ bèèrè owó náà la bá DJ lórí àyè wa, kò tiẹ̀ yọ etí kúrò nínú hẹ́dífóònù ẹ̀ láti kí wa. Torí náà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe orí òkè ni mo dúró sí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń sọ. Anthony Dominick Benedetto lorúkọ ẹ̀, wọ́n bí i ní August 3, 1926 ní Astoria, ní Queens, New York. Ítálì ni bàbá ẹ̀ ti wá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà tí bàbá náà fi kú. Ìyá ẹ̀ ló ń ránṣọ fi tọ́ wọn, iye aṣọ tó bá rán niye owó tó máa gbà, ó dẹ̀ tún máa ń kó iṣẹ́ wálé. Tony fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ìyá òun ṣe ń ránṣọ yẹn, tó bá kan aṣọ tí kò dáa, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní òun ò lè rán ìrànkuràn. Rántí ìyá yẹn o, torí òun lọmọ ń tẹ̀ lé nígbà tó bá kọ̀ pé òun ò ní kọ orin kan. Ó kọrin gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì ní Queens, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun ní 1944, ó jagun dé Jámánì. Nígbà tó dé, ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ fáwọn tó ti ogun dé, òun náà bá lọ kọ́ ohùn ní American Theatre Wing. Ní 1949 Pearl Bailey, akọrin obìnrin kan, gbà á láyè kó máa kọrin nínú eré tiẹ̀ ní Greenwich Village ní New York, Bob Hope aláwàdà rí i níbẹ̀, ó mú un dání lọ sóde, òun náà ló sọ ọ́ ní Tony Bennett, torí Joe Bari ló ń pe ara ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1950 ó ti wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia Records.

Ó dáa, èyí tó o sọ pé kò yí padà láyé ẹ̀. Irọ́ ni, má bínú. Mitch Miller ló ń darí orin ní Columbia nígbà náà, ẹni tó mọ ohun tí ọjà ń fẹ́ ni, tí ò dẹ̀ ní ìtìjú nídìí ẹ̀. Ní 1951 ó gbé orin Hank Williams kan fún Tony pé kó kọ ọ́, “Cold, Cold Heart.” Orin kọ́ńtírì, orin àwọn ará oko lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ Astoria ní kí ló kàn òun pẹ̀lú ẹ̀. Miller fúngun mọ́ ọn, ó kọ ọ́, orin náà dé ipò kìíní! Nítorí náà máníjà ẹ lè jàre nígbà míì, kò yẹ ká máa pe gbogbo ẹni tó bá dárúkọ ọjà ní ọ̀tá orin. “Because of You” náà ti dé ipò kìíní lọ́dún yẹn, “Rags to Riches” tẹ̀ lé e ní 1953, orin olóhùn ńlá, fáólìnì rẹpẹtẹ lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló ń mówó wálé.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, olùkọ́ ẹ̀ kan ní òpópónà 52nd Street, ibi tí gbogbo ilé jazz wà nígbà náà, sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sín akọrin kankan jẹ, torí tó bá sín akọrin jẹ ọ̀kan lára àwọn èrò ẹ̀yìn lásán ni yóò jẹ́, pé kó lọ sín àwọn onílù àti onífèrè jẹ. Ló bá ń gbọ́ bí Art Tatum ṣe ń tẹ dùùrù, bí Stan Getz ṣe ń mí sínú saksofóònù. Ní 1957 Ralph Sharon di ẹni tó ń tẹ dùùrù fún un, òun ló kìlọ̀ fún un pé tó bá jókòó ti orin dídùn dídùn yẹn nìkan ó máa tán lẹ́nu àwọn èèyàn, kó yáa wọnú jazz. Wọ́n ṣe àwo kan lọ́dún yẹn tó jẹ́ ìlù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Art Blakey, Jo Jones àti Chico Hamilton wà níbẹ̀, Candido ará Cuba náà ń lu conga, lẹ́yìn ìyẹn ó tún bá báàǹdì Count Basie kọrin. Ṣé o ti ń rí i báyìí? Ẹsẹ̀ méjì ló fi dúró látìbẹ̀rẹ̀, èyí tó ń jẹun àti èyí tó ń kọ́ṣẹ́. Kò jẹ́ kí ọ̀kan pa ìkejì.

Orin tó wá sọ ọ́ di Tony Bennett gan-an, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Àwọn méjì kan tí ò tíì lórúkọ ló kọ “I Left My Heart in San Francisco,” wọ́n fún Ralph Sharon ní ìwé ẹ̀, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tó ń kó ṣẹ́ẹ̀tì sí, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ọjọ́ kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún ìrìn àjò ló bá a lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé San Francisco wà lára ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n bá kọ ọ́ ní Fairmont Hotel níbẹ̀ ní December 1961. Hòtẹ́ẹ̀lì o, àbúrò mi, bíi tìẹ. Nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1962 ẹ̀yìn àwo ni ilé iṣẹ́ fi í sí, orin mìíràn ni wọ́n fojú sí lára. Ẹ̀yìn àwo yẹn ló gba Grammy méjì fún un, ó sì kún gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York ní June ọdún náà. Tó o bá ní ìwé orin tí ẹnì kan fún ẹ tó ti ń pẹ́ nílé, lọ wá a jáde lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dà bí tìẹ nìyí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni rock gba gbogbo ilẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wá sọ fún un bí máníjà ẹ ṣe sọ fún ẹ yẹn pé kó máa kọ orin àwọn ọmọdé. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan, àwo náà jáde ní 1970, wọ́n pe àkọlé ẹ̀ ní orin ńlá òde òní, inú sì ń rú u débi pé ó bì kó tó kọrin nínú sitúdíò. Àwo yẹn ò tà. Ohun tí mo fẹ́ kó o kíyè sí ni pé àwọn tó ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ò dá a mọ̀ mọ́, àwọn ọmọdé tí wọ́n torí wọn ṣe é náà ò sì yà síbẹ̀. Ó kúrò ní Columbia, ó dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, Improv. Níbẹ̀ ló ti ṣe ọ̀kan lára àwo méjì tí òun àti Bill Evans, onídùùrù jazz, jọ ṣe, dùùrù kan, ohùn kan, kò sí nǹkan mìíràn. Èmi ò rí àwo ohùn tó jù wọ́n lọ lọ́dọ̀ ẹ̀, àwọn ni mo máa ń fi kọ́ ọmọ. Àmọ́ Improv ò rí ẹni bá a pín àwo káàkiri bó ṣe yẹ, kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé. Nígbà tó máa fi di 1979 kò sí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀ mọ́, gbèsè owó orí wà lọ́rùn, ìjọba fẹ́ gba ilé ẹ̀ ní Los Angeles, ó ń fa kokéènì, ó kù díẹ̀ kó kú sínú ibi ìwẹ̀. Ohùn ẹ̀ wà o, orin gidi wà lẹ́nu ẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kó o máa sọ fún ara ẹ pé tó o bá ṣáà ti di orin gidi mú, ohun gbogbo á dáa. Ó dì í mú, ó sì ṣubú.

Ọmọ ẹ̀ ló gbé e dìde. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, níbí yìí ọmọ ló bá bàbá tún orí ṣe. Ó pe Danny ọmọ ẹ̀ sórí fóònù, ó ní nǹkan ti dojú rú fóun. Danny náà ti gbìyànjú àtiṣe orin tẹ́lẹ̀, kò rọ́wọ́ mú, àmọ́ orí ẹ̀ pé nídìí owó. Ó bá àwọn onígbèsè sọ̀rọ̀, ó dín ìná kù, ó mú bàbá kúrò nídìí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Las Vegas padà sí New York, ó ń mú un lọ kọrin ní yunifásítì àtàwọn gbọ̀ngàn kéékèèké, ibi tí àwọn ọmọ tí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí wà. Ralph Sharon padà wá. Columbia gbà á padà ní 1986. Kò yí orin kankan padà fún àwọn ọmọ yẹn, súùtù ló wọ̀ lọ bá wọn, àwọn orin tí bàbá wọn àgbà mọ̀ ló kọ fún wọn. Nígbà tó máa fi di 1994 tó kọrin lórí MTV, tí wọ́n fi ṣe àwo, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Ìyẹn ni máníjà ẹ ń pè ní oríire. Àwo MTV náà ló gba Grammy àwo tó dáa jù lọ́dún ní 1995, ó ti lé ní 68 ọdún. Ó wá bá àwọn ọmọ kọrin, Amy Winehouse, Lady Gaga, àwo tó ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ní 2011 wọ ipò kìíní nígbà tó pé 85, èyí tóun àti Gaga ṣe náà tún wọ̀ ọ́ ní 2014. Gbogbo wọn ló wá kọ orin tiẹ̀, òun ò lọ kọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ohùn. Kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan. Ohun tó kọ́ ní American Theatre Wing lẹ́yìn ogun ni ọ̀nà ìkọrin àwọn ará Ítálì tí wọ́n ń pè ní bel canto, mímí láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí ọ̀nà ọ̀fun ṣí sílẹ̀ láìfún un pọ̀, kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ kí iṣan ọrùn sinmi. Ó ń ṣe àwọn ìdánrawò yẹn títí ó fi darúgbó. Tó bá wà lórí ìtàgé, ó máa ń gbé máìkì sílẹ̀ nígbà míì, á kọ orin kan lódindi láìsí máìkì, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn á gbọ́ ọ. Gbìyànjú ìyẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, kó o mọ̀ bóyá ohùn ló ń kọrin àbí sípíkà. Ohùn ẹ̀ yí padà, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ẹ́, gbọ́ èyí tó kọ ní 1953 kó o tún gbọ́ ti 2014, òkè ti lọ, ó ti há díẹ̀, ó ti wúwo. Kò jà á. Ó sọ ohùn orin kalẹ̀, ó wá ń kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, á fi gbólóhùn kan sílẹ̀ sẹ́yìn ìlù díẹ̀, á wá sáré bá a. Ẹ̀kọ́ saksofóònù tó kọ́ nígbà èwe nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí n máa pè é ní olórin jazz nígbà táwọn míì bá ní olórin pop ni. Àwọn tó ń pín Grammy fún un lórúkọ tiwọn, traditional pop, ó dẹ̀ gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ 33, tó o ń pariwo lé jẹnẹrétọ̀ lórí lálẹ́ ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, tó o tún lọ sí òde ìgbéyàwó ní ọ̀sán Sátidé, ohun tó máa pa ohùn ẹ nìyẹn kí ọjọ́ orí tó dé. Fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta. Tí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà etí-imú-ọ̀fun ni kó o wá lọ, kì í ṣe èmi, kì í ṣe orógbó.

Ní ti ìgbàgbé, wọ́n rí i pé Alzheimer's, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kéèyàn gbàgbé, ni ní 2016, àwọn ẹbí ò sọ ọ́ síta àfi ní 2021. Àìsàn yẹn máa ń fi orin sílẹ̀ pẹ́ ju ọ̀rọ̀ àti orúkọ lọ, torí ibi púpọ̀ ni orin ń gbé nínú ọpọlọ, lára ni gbogbo ẹ̀ ti mọ́ ọn bí ìrìn. Dókítà ẹ̀ ló ní kí wọ́n má jẹ́ kó ṣíwọ́ orin. Ní August 2021, nígbà tó pé 95, òun àti Gaga kọrin ní Radio City Music Hall, Gaga fúnra ẹ̀ sọ pé bóun ṣe jáde síta ló pe orúkọ òun, ó sì ti pẹ́ tó ti pe orúkọ òun gbẹ̀yìn. July 2023 ló kú, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé 97.

Wàyí o, kí ni kó o ṣe? Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ, mi ò dẹ̀ mọ máníjà yẹn, nítorí náà fi ìyẹn gbọ́ mi. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ìwọ àti bàbá yẹn tí mi ò lè bò mọ́lẹ̀: ó ti ní orin tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ látìgbà tó wà lọ́mọ 25, nítorí náà Danny ní nǹkan tà nígbà tó gba iṣẹ́. Ìwọ ò tíì ní. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ míì sì wà tí wọ́n di orin tiwọn mú bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ò wá gbé wọn dìde. Tó o bá ní kí n yàn fún ẹ, mi ò ní ní kó o dúró síbi tó o wà, mi ò sì ní ní kó o lọ gba bíìtì tí yóò mú kí inú máa rú ẹ. Tí máníjà bá gbé orin kan wá tó o rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá ẹnu ẹ mu, kọ ọ́, Hank Williams ò pa Tony. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó o máa sọ èyí tó jẹ́ ìrànkuràn.

Ohun tí mo sì máa ń bi gbogbo akọrin hòtẹ́ẹ̀lì ni pé orin àtijọ́ ta ni? Àwọn orin tí Tony kọ, orin eré orí ìtàgé àti sinimá ìlú ẹ̀ ni, orin tí ìyá ẹ̀ mọ̀. Tiwa náà wà. Àwọn olórin highlife àtijọ́ wà, Roy Chicago wà, Bobby Benson wà. Victor Olaiya ti lé ní 80 ọdún nígbà tí 2Baba wá bá a tún “Baby Jowó” kọ, bàbá ò yí orin náà padà, ọmọ ló wá wọlé tọ̀ ọ́, àwọn ọmọdé sì jó o. Mú mẹ́ta nínú irú orin bẹ́ẹ̀, kí o ṣe é pẹ̀lú dùùrù, báásì àti ìlù oníbúrọ́ọ̀ṣì, kọ ọ́ bó o ṣe ń kọ jazz ẹ yẹn gẹ́lẹ́, kó o wo ẹni tó máa kọ́kọ́ gbójú sókè nídìí oúnjẹ. Tó o bá ti ṣe é, gbé fóònù síwájú, gbà á sílẹ̀ láìfi nǹkankan tún ohùn ṣe, fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa sọ òótọ́ fún ẹ. Máníjà yẹn náà, kó o tó tún bá a jiyàn lórí bíìtì, sọ fún un kó kọ iye owó tó ti wọlé láti January síwèé fún ẹ, àti iye tó yọ nínú ẹ̀. Tó bá kọ ọ́ láìbínú, ẹ jókòó, ẹ jọ yan orin.